Ìlú Wo Ni Mo Wà Báyìí? Bí Mo Ṣe Fi Router Ṣọ́ọ̀bù Kọ́ Àṣẹ Ojú Dúdú

Voice note mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí, láti ẹnu ìyá wa oníṣòwò aṣọ ní Kantin Kwari, Kano. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kò gbé e. Àwọn àṣẹ tó dá dúró lórí ìlà tiwọn, bí ẹ ṣe rí wọn gan-an ni kí ẹ tẹ̀ wọ́n, kò gba àmì ohùn o.

VOICE NOTE KÌÍNÍ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ káalẹ́ o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú làálàá. Bàbá ẹgbẹ́, mo kúnlẹ̀. Ìyálọ́jà wa ní Onitsha, ẹ kú iṣẹ́ àná, ẹ bá mi kí àwọn ará Port Harcourt tí wọ́n ní òjò kò jẹ́ kí àwọn na ọjà. Ẹ ti ń béèrè lọ́wọ́ mi láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé báwo ni èmi tí mò ń ta ankara àti léèsì ṣe wá dẹni tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lójú dúdú. Ó dáa, mo ti jókòó báyìí, mo ti jẹun. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ gbèsè ló bí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òwò aṣọ, àwìn ni. Ẹni tó bá ní òun kò ní tà láwìn ní Kwari, kó yáa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọmọbìnrin méjì ló ń bá mi tajà. Nígbà mìíràn èmi á ti wà ní Balógun l'Ékòó níbi tí mo ti lọ kó ọjà, oníbàárà á dé ṣọ́ọ̀bù, á ní òun ti san, ọmọ á ṣí ìwé, kò ní rí i. Ìjà dé nìyẹn. Mo ní láptọ́ọ̀pù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí NEPA bá ti mú iná lọ, wákàtí méjì péré, ó ti kú. Àwọn app orí fóònù wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó, wọ́n ń jẹ dátà, ìwé gbèsè mi á sì wà lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ̀ rí. Èyí tí kò dùn mọ́ mi jù nìyẹn. Ìwé gbèsè oníṣòwò, ìhòòhò rẹ̀ ni.

Àjàní, ọmọ mi tó wà níléèwé ní Ìlọrin, kọ prógíráàmù kékeré kan fún mi ní èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C. Ó sọ ọ́ ní gbese. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ka ìwé gbèsè, kó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kó fi hàn lójú fóònù àwọn ọmọ pé báyìí ni lágbájá jẹ. Ibo la máa wá gbé e sí tí kò ní máa kú bí láptọ́ọ̀pù? Ó ní, "Màámi, router tó ń fún wa ní Wi-Fi ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Kọ̀ǹpútà lòun náà." Mo wò ó. Lóòótọ́, orí bátìrì solar kékeré ló wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kì í sùn. Ó ti fi OpenWrt sí i nígbà ìsinmi. OpenWrt yìí, Linux fún router ni, ọ̀fẹ́ ni, láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìṣòro kan ló kù: Àjàní wà ní Ìlọrin, router wà ní Kano. Èmi ni mo máa gbé e sí i.

VOICE NOTE KEJÌ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó mú kó le, nítorí ẹni tí kò bá yé, àṣẹ tí mo fẹ́ kà yìí á dà bí ọfọ̀ létí rẹ̀.

Prógíráàmù tí ènìyàn fọwọ́ kọ, ẹ̀rọ kò gbọ́ ọ. Ó dà bí aṣọ yàdì mẹ́fà tí a kò tíì gé. Aránṣọ kan ní láti rán an di ohun tí ẹ̀rọ lè wọ̀, aránṣọ yẹn ni wọ́n ń pè ní compiler. Tí ẹ bá ní kí aránṣọ inú láptọ́ọ̀pù rán aṣọ láìsọ nǹkan kan fún un, ara láptọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ ló máa wọ̀n. Ara láptọ́ọ̀pù mi, x86_64 ni orúkọ rẹ̀. Ara router, MIPS ni. Aṣọ ti ọ̀kan kò lè wọ èkejì láé, kì í ṣe pé ó fún tàbí ó ṣò, kò tilẹ̀ ní mọ ibi tí orí gbà.

Ẹnìkan á ní, ṣé kí aránṣọ náà kúkú wọnú router lọ, kó wọn ìwọ̀n rẹ̀ níbẹ̀? Kò gbà á! Router mi, 16MB ni gbogbo àyè tó ní láti tọ́jú nǹkan sí. Fóònù tí ẹ fi ń gbọ́ mi yìí ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aránṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ju yàrá náà lọ. Nítorí náà inú láptọ́ọ̀pù la ti máa rán an, ṣùgbọ́n ìwọ̀n router la máa lò. Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà ni aránṣọ kan ní Òṣogbo ṣe ń rán agbádá fún bàbá àwọn ọmọ mi lọ́dọọdún láìrí i sójú? Ìwọ̀n la fi ń ránṣẹ́. Òun ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní cross-compile.

Ó tún wá ku nǹkan kékeré kan. MIPS pàápàá, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan máa ń kọ nọ́mbà láti ibi tó tóbi lọ sí kékeré, èkejì á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà kọ́ là ń sọ pé ẹ́tàdínlógún, tí à ń mú ẹ̀ẹ́ta ṣíwájú ogún? Tiwa tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré yẹn, mipsel ni wọ́n ń pè é. Irú rẹ̀ ni router mi.

Àwa tí a kúrò nílé mọ nǹkan yìí dáadáa. Mudu ni wọ́n fi ń wọn ìrẹsì ní Kano, ẹ̀yin ará Ìbàdàn ẹ ní kóńgò. Ẹni tó bá fi iye mudu nájà níbi tí wọ́n ti ń fi kóńgò wọ̀n, ìjà ló ń wá. Kì í ṣe pé ìrẹsì yàtọ̀.

Ohun tí mo wá rí nínú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, tí n kò rí nínú ìwé tí Àjàní kọ́kọ́ fún mi kà, ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo àṣẹ wọ̀nyí: ìlú wo ni mo wà báyìí? Ojú dúdú méjì ló wà níwájú mi, ọ̀kan ti láptọ́ọ̀pù, ọ̀kan ti router, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Bí ẹ bá sọ̀rọ̀ sí èyí tí kò yẹ, ó máa ṣe é, kò ní bi yín léèrè. Ìwé yẹn to àṣẹ ogójì tẹ̀ léra bí ẹni ka tábìlì ìsọdipúpọ̀. Mo kà á dé ìkejìlá, oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe ni nǹkan wọlé.

VOICE NOTE KẸTA

Ojú dúdú yẹn, terminal ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin ará Jos, kì í ṣe Terminus tiyín o! Ẹni tó wà nínú rẹ̀ tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa ni shell. Ẹ wo bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ: wọ́n pe àárín kọ̀ǹpútà ní kernel, èkùrọ́ nìyẹn, wọ́n wá pe èyí tó yí i ká ní shell, èèpo èkùrọ́. Ọwọ́ wa kì í kan èkùrọ́, èèpo là ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan àtijọ́ ni o. Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ní 1969. Èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù mi ń jẹ́ bash, 1989 ló jáde. Èyí tó wà nínú router kéré jù ú lọ, ash ni, ṣùgbọ́n àṣẹ tí mo máa kà yìí, àwọn méjèèjì gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ wo iwájú ìlà. Bí ẹ bá rí $, ẹ wà nínú láptọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá rí root@OpenWrt àti #, ẹ ti wọ router, ẹ sì ti di onílé pátápátá níbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ onílé, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé ó dá ọ lójú. Bí kò bá dá yín lójú:

uname -m
pwd

Èkíní á sọ irú ara tí ẹ̀rọ náà ní: x86_64 nílé, mips lọ́dọ̀ router. Èkejì á sọ òpópónà tí ẹ dúró sí. ls á fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn yín. cd ni ká rìn lọ síbòmíràn, cd .. ni ká padà sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan. Ẹni tó bá mọ mẹ́rin yìí kò lè sọnù.

Ó wá kan ìwọ̀n. Àwọn OpenWrt ti di aránṣọ àti ìwọ̀n pọ̀ sínú ẹrù kan, SDK ni wọ́n ń pè é, orí ìkànnì wọn la ti ń gbà á. Ẹrù tó bá router yín mu gan-an ni kí ẹ mú o, kì í ṣe èyíkéyìí. Uname kò sọ bóyá mips tàbí mipsel, nítorí náà inú router ni kí ẹ ti béèrè:

cat /etc/openwrt_release

Cat kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ológbò, ó kàn ń ka ìwé jáde ni. Tèmi kọ ramips/mt76x8 àti mipsel_24kc. Mo fi ránṣẹ́ sí Àjàní, ó fi orúkọ ẹrù tó bá a mu ránṣẹ́ padà. Mo tú u pẹ̀lú tar xf, mo fi mv yí orúkọ rẹ̀ gígùn gbọọrọ yẹn padà sí sdk. Ó wá ku ká sọ fún shell pé aránṣọ tuntun kan ti dé àdúgbò:

cd ~/sdk/staging_dir/toolchain-*/bin
export PATH=$PATH:$PWD
cd ../..
export STAGING_DIR=$PWD
cd ~

Ẹ má bẹ̀rù. Àmì ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé "yòówù kó kù nínú orúkọ náà," ó gbà yín lọ́wọ́ kíkọ nǹkan gígùn. PATH ni orúkọ àwọn òpópónà tí shell máa ń lọ wá ènìyàn sí. Tí ẹ bá pe aránṣọ tí kò sí ní òpópónà kankan nínú rẹ̀, shell á ní òun kò mọ̀ ọ́n, bó tilẹ̀ jókòó síwájú yín. $PATH tó ṣíwájú yẹn túmọ̀ sí pé kó má gbàgbé àwọn òpópónà àtijọ́. Bí ẹ bá fò ó, ls pàápàá kò ní jẹ́ yín lóhùn mọ́, títí ẹ ó fi ti fèrèsé náà tí ẹ sì ṣí òmíràn. Gbogbo ohun tí ẹ sì fi export sọ, inú fèrèsé yẹn ló parí sí. Lọ́jọ́ kejì ẹ máa tún un sọ.

Ó yá, ká rán an:

mipsel-openwrt-linux-musl-gcc -o gbese gbese.c
file gbese

Ẹ wo orúkọ aránṣọ yẹn dáadáa, ó ti sọ ẹni tó ń rán aṣọ fún. Tí kò bá sọ nǹkan kan lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti ṣe é nìyẹn. Unix kì í sọ ẹ ṣeun. Àṣẹ file ni èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó dà bíi kí a yẹ ọrùn aṣọ wò kí a tó fi sọ́kọ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọ MIPS àti LSB. LSB yẹn ni ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Tó bá kọ x86-64, ara láptọ́ọ̀pù ni wọ́n wọ̀n, ẹ má fi ránṣẹ́. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ohun tí ìwọ̀n tí kò bára mu ń ṣe, ẹ gbìyànjú kí ẹ wọ aṣọ router fún láptọ́ọ̀pù:

./gbese

Á ní "Exec format error". Kò ba nǹkan kan jẹ́, kò kàn gbọ́ èdè ni. Dot àti slash tó wà níwájú yẹn ń sọ pé "èyí tó wà níbi tí mo dúró sí yìí," nítorí shell kì í wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

VOICE NOTE KẸRIN

Ó kan kíkó ẹrù sọ́kọ̀. Ẹ̀yin oníwaybill, ẹ̀kọ́ yín ti tó: ibi tó ti ń bọ̀ la kọ́kọ́ ń kọ, ibi tó ń lọ ló kẹ́yìn.

scp -O gbese root@192.168.1.1:/www/cgi-bin/
ssh root@192.168.1.1

O ńlá yẹn ṣe pàtàkì lórí láptọ́ọ̀pù tuntun. Láìsí i, scp tuntun máa ń wá sftp-server lọ́dọ̀ router, èyí tí kì í sábà sí níbẹ̀. ssh ni ìrìn àjò fúnra rẹ̀: lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ti wà ní ìlú kejì, iwájú ìlà á ti yí padà. exit ni ẹ fi ń padà sílé.

Tí router bá ní "Permission denied", ìwé àṣẹ ni fáìlì náà kò ní. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ tí fáìlì bá gba orí flash wá. chmod +x gbese, ó parí.

Èyí tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni tí router bá ní "not found". Ọmọkùnrin kan níbí tó ń tún fóònù ṣe fi alẹ́ kan gbáko jà pẹ̀lú rẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀, ls fi hàn, síbẹ̀ shell ní òun kò rí i. Aránṣọ mipsel mìíràn tí kì í ṣe ti OpenWrt ló lò. Gbogbo prógíráàmù báyìí ló ní alágbàtọ́ tó máa gbé e dìde, orúkọ alágbàtọ́ náà sì wà lára rẹ̀. Ẹni yẹn ni shell wá tí kò rí. Kì í ṣe fáìlì yín. Àṣẹ file ló fi hàn wá, ó kọ orúkọ alágbàtọ́ náà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ interpreter. Tiwa gbọ́dọ̀ ní musl nínú.

Ó dáa. Prógíráàmù ti wọlé. Ibo ni ìwé gbèsè fúnra rẹ̀ máa wà? Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, owó ni. Nínú router yìí, /tmp kì í ṣe ilé, ìloro ni. Orí iranti ló wà, bí iná bá lọ, ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ó láyè gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ń wu ènìyàn. /root ni mo fi tèmi sí. Tí ìlà kan bá jẹ́ ogójì lẹ́tà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ìlà ló máa kún 1MB. Èmi kò tíì sún mọ́ ọn.

Àmì méjì tún wà tí mo kọ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù fún àwọn ọmọ:

echo "Iya Ibeji 12000" >> /root/gbese.txt

Ọfà méjì, ẹ rí i? Ọfà méjì ń fi ìlà kún ìsàlẹ̀ ìwé. Ọfà kan ṣoṣo á nu gbogbo ìwé náà kúrò, á wá kọ Ìyá Ìbejì nìkan sí i. Gbogbo gbèsè Kwari á di ìtàn. Kò ní bi yín léèrè, kò sì sí àpótí ìdọ̀tí tí ẹ ti máa ṣà á padà. Rm náà rí bẹ́ẹ̀. Fáìlì àdánwò ni Àjàní fi kọ́ mi lórí fóònù, ó ní kí n kọ ìlà mẹ́wàá, kí n wá fi ọfà kan lù ú. Mo rí i tó di òfo lójú mi. Mo ní irú èyí kò ní wọ ṣọ́ọ̀bù mi láìsí ẹ̀dà. Nítorí náà, lálaalẹ́ kí a tó ti ilẹ̀kùn, láti orí láptọ́ọ̀pù, níbi tí $ wà:

scp -O root@192.168.1.1:/root/gbese.txt gbese-$(date +%F).txt

Ohun tó wà nínú àkámọ́ yẹn á fi ọjọ́ òní sínú orúkọ, kí tàná má bàa parẹ́. Ẹ ṣọ́ ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ẹni tó bá yí i padà, ìwé àtijọ́ ló máa gbé lé tuntun lórí.

Tí oníbàárà bá wá ń jiyàn pé òun kò gba ẹrù:

grep "Iya Ibeji" /root/gbese.txt | tail -n 5

Grep á ṣa àwọn ìlà tí orúkọ rẹ̀ wà, igi gbọọrọ àárín yẹn á gbé e lé tail lọ́wọ́, tail á fi márùn-ún tó kẹ́yìn hàn. Bí alábàárù ṣe ń na ẹrù síra wọn láti inú trailer dé ṣọ́ọ̀bù gan-an ni. Àjàní tún wá sọ fún mi lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé awk tó ti wà nínú router tẹ́lẹ̀ lè ro gbèsè náà pọ̀ láìsí C kankan! Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ kí n jìyà? Ó ní ojú ìwé tó ń ṣí lórí fóònù àwọn ọmọ ni C wà fún. Mo gbà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń wò ó.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìpamọ́ sí Wi-Fi náà, kí ẹ má sì fún oníbàárà. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí rẹ̀ lè ṣí ojú ìwé yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní router tẹ́lẹ̀ tí ẹ ń bi mí bóyá tiyín lè ṣe é: kì í ṣe gbogbo router ló ń gba OpenWrt. Ẹ yí i dojú bolẹ̀, ẹ ya fọ́tò orúkọ àti nọ́mbà version tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wé àkójọ àwọn router tó wà lórí ìkànnì OpenWrt kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Version ṣe pàtàkì, router méjì lè jọ orúkọ kí inú wọn yàtọ̀. Èyí tó bá jẹ́ 4MB pẹ̀lú 32MB iranti, ẹ fi sílẹ̀, ó ti kéré jù fún OpenWrt ayé ìsinsìnyí. Ẹni tó bá fi èyí tí kò bá a mu sí i, router náà lè má jí mọ́. Ẹ fi fọ́tò náà sí inbox mi, kì í ṣe sínú ẹgbẹ́ o, kí bàbá ẹgbẹ́ má bàa ní a ti sọ ibí di ọjà router. Àjàní á wò wọ́n lọ́jọ́ Àìkú.